Ìbéèrè Tí Mi Ò Bi Bàbá ní Muchia

Kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gba í-meèlì ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Hanwa, nílẹ̀ Háúsá, ti kún. Ọ̀gá mi ní ká wo àwọn tí kì í ṣí àpótí í-meèlì wọn mọ́, ká ti àpótí náà, kí àyè lè wà fún àwọn tó kù. Mi ò kàwé púpọ̀. Ọ̀gá yìí ló kọ́ mi níṣẹ́, ohun tí kọ̀ǹpútà bá sì ti sọ, òdodo ni lójú mi. Kọ̀ǹpútà gbé orúkọ bàbá ará Ìlọrin kan jáde, tíṣà mi àtijọ́ nílé-ẹ̀kọ́ náà, tó ti fẹ̀yìn tì sí Muchia. Ọ̀gá ní kí n kọ́kọ́ lọ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń lò ó.

Mo lọ. Màmá, ìyàwó wọn, gbé másà gbígbóná, àkàrà ìrẹsì àwọn Háúsá, síwájú mi. Bàbá ń fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n ní kò sí bí mo ṣe lè kí èèyàn kí Háúsá má yọjú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi irú àgbà bẹ́ẹ̀ pé ṣé ẹ ṣì ń lo nǹkan wa? Létí mi, bí ẹni ń béèrè pé ṣé wọ́n ṣì wà láyé ni. Mo jẹ másà, wọ́n ṣàdúrà fún mi, mo padà. Mo sọ fún ọ̀gá pé wọn ò lò ó mọ́. A ti àpótí náà.

Kò pẹ́ tí mo pàdé Màmá lọ́jà Samaru. Wọ́n ní Bàbá ò jẹun dáadáa mọ́. Ọmọ wọn obìnrin tó wà lókè òkun, tó máa ń kọ í-meèlì sí wọn ní gbogbo Jímọ̀, ti dákẹ́. Bí àwọn méjèèjì bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìjà ni. Inú lẹ́tà nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ra wọn yé. Bàbá gbà pé ọ̀rọ̀ tí àwọn sọ nípa ọkọ rẹ̀ ló dùn ún.

Mo padà sọ́fíìsì, mo sọ òtítọ́ fún ọ̀gá. A yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ń gba ojú-ewé ilé-ẹ̀kọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé nìkan ni kọ̀ǹpútà ń kà. Bàbá ò gba ibẹ̀ rí, fóònù wọn ló ń fa lẹ́tà wá fún wọn.

"Ìdí tí mo fi rán ẹ nìyẹn," ọ̀gá sọ. "Kọ̀ǹpútà ò lè béèrè."

Kò bú mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣí àpótí náà. Bàbá nìkan la tìlẹ̀kùn mọ́. Lẹ́tà ọmọ wọn ṣì ń wọlé síbẹ̀.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Muchia, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ kí wọ́n tó ní kí n jókòó. Fóònù wọn ń dún bí lẹ́tà ṣe ń já bọ́, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n ka ti ìkẹyìn sókè: "Bàbá mi, ẹ ò dá mi lóhùn. Ṣé ẹ ṣì ń bínú ni?"

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí. O jẹ másà mi, o gba àdúrà mi, o ò wá lè lanu bi mí?"

"Ó ń tì mí lójú ni, sà."

"Ò bá fi Háúsá bi mí."

Màmá rẹ́rìn-ín títí. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan tẹ èsì. Másà wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kàn án títí fóònù fi sọ pé lẹ́tà ti lọ.