Ọmọ Tó Ń Kàwé Láìwo Ìwé

Kíláàsì kejì ni mo ń kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Akanran nígbà tí iyàn bẹ̀rẹ̀ láàárín èmi àti màmá tó ń kọ́ kíláàsì kìíní. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ dé ni. Wọ́n ní ìró lẹ́tà ni kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀, kó máa so ìró mọ́ ìró títí ọ̀rọ̀ yóò fi jáde. Màmá yìí, tí ìfẹ̀yìntì wọn ò jìnnà mọ́, ní rárá: kí olùkọ́ pe ọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ gbè é, títí yóò fi wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà, ṣé mi ò mọ̀wé ni?

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, tó ti ọ̀dọ̀ wọn bọ́ sí kíláàsì mi. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà tó ń dáko ẹ̀gẹ́ ló ń gbé. Bó bá ṣíwèé Yorùbá, kì í kọsẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé wá jókòó sí kíláàsì mi, màmá sì tẹ̀ lé wọn wọlé. Mo pe ọmọ náà síwájú pé kó kàwé. Bó ṣe ń kà, mo rọra ṣí ojú ìwé mìíràn fún un. Kò dúró. Mo dorí ìwé kodò. Síbẹ̀, kò dúró. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣì ń lọ, títí ó fi ka ìtàn náà tán.

Mo kọjú sí màmá. Mo ní, "Ẹ ò rí i, mà? Kò mọ lẹ́tà kan."

Ọmọ náà ni màmá ń wò.

Ọmọ náà kò padà wá sílé ìwé mọ́. Nígbà tí mo délé wọn, ìyá àgbà ní ó ti lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọmọ náà ní orí òun ò gbàwé.

Gbogbo kíláàsì mi ló mọ̀wé kà lọ́dún yẹn. Nígbà tí màmá fẹ̀yìn tì, wọ́n ní, "O jàre. Ṣùgbọ́n o ì bá ti pe ọmọ yẹn sí kọ̀rọ̀."

Láti ìgbà náà, bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé tó ku èmi nìkan, mo máa ń gbọ́ ohùn ọmọ náà nídìí pátákó ìkọ̀wé. Mo mọ ibi tí yóò ti mí. Mo kó ìwé yẹn kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò dáwọ́ dúró.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kíláàsì kìíní ti di tèmi. Obìnrin kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ ni mo ti dá a mọ̀. Mo na bírò sí i; ó ní òun yóò tẹ̀ka ni.

Nígbà tó nu ọwọ́ rẹ̀ tán, ó béèrè kíláàsì ta ni ọmọ òun yóò wà. Mo ní tèmi ni.

Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú.

"Ẹ má pè é síwájú o, mà."

Mo ní n kò ní pè é. Ó tú ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ọkọ̀ lọ.