Ohun Tí Òkun Gbé, A Kì Í Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Lọ́dún tí mo ta ilé yìnyín wa ní Awoye, níbi tí àwọn apẹja ti máa ń ra yìnyín kí wọ́n tó wọ òkun, mo lọ sí ọ́fíìsì owó orí. Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ wo ìwé òwò wa, ó ní, “Bàbá, ẹ jèrè lórí ilé yìí, ẹ ó san owó orí lé e. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti pàdánù nídìí òwò náà láwọn ọdún tó kọjá, a lè yọ ọ́ kúrò lára èrè yẹn. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ dà?”

Mo ní kò sí, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Òkun ti gbé ilé yìnyín wa àkọ́kọ́ lọ tòun tẹ̀rọ. Ó gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, a kì í kọ ohun tí òkun gbé sílẹ̀. Bàbá mi ní ẹni tó bá kọ ọ́ ń pe òkun padà wá kó ìyókù ni. Ojú ìwé tí a kọ nǹkan náà sí nígbà tí a rà á, yóò fà á ya, yóò sọ ọ́ sómi. Èmi fúnra mi ni mo fa ti ọkọ̀ kejì ya. Inú ṣì ń bí mi sí ara mi.

Àánú mi ṣe obìnrin náà. Ó tún ìwé náà yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èrè nìkan ló wà níbẹ̀. Mo san owó orí náà pé, bí ẹni tí omi kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí.