Kẹ̀kẹ́ Tí A Gbé Lọ Ṣe Gálílì ní Vom

Ìdájí ọjọ́ Sátidé tó ṣíwájú Àjíǹde la kúrò ní Jos, ṣùgbọ́n ìjà kẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀yin ará ilé ní Iléṣà, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ọkọ mi, Bàbá Ṣọlá, akọ̀wé níbi ìwakùsà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ ò tíì mọ̀. Láti ọjọ́ tó ti rà á ló ti fi àkísà wé gbogbo irin rẹ̀ kí ọ̀dà rẹ̀ má bàa ṣá. Bí òjò bá ṣú, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn lọ síbi iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ á sì wà nínú yàrá.

Ohun tó ń gbé wa lọ nìyí. Bísí àbúrò mi bímọ obìnrin ní Vom, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn màlúù. Ọjọ́ kẹjọ ọmọ bọ́ sí ọjọ́ Ajé Àjíǹde gan-an, ọjọ́ Gálílì. Kí ó tó bímọ ni Bàbá wa ti kọ̀wé sí mi pé bó bá jẹ́ obìnrin, èmi àkọ́bí ni kí n fi ẹnu ara mi pe orúkọ rẹ̀ ní Yétúndé. Èmi tí mi ò rí ìyá wa sin! Kí ìròyìn ikú rẹ̀ tó dé Jos, ẹ ti sin ín, ẹ ti ṣe ìsìn ìdúpẹ́, gbogbo yín ti tú ká. Ó ń dùn mí dọ́kàn. Nítorí náà, òjò ì báà rọ̀, ìjì ì báà jà, mo ti pinnu pé n ó dúró níbi ìsọmọlórúkọ yẹn.

Yàrá kan ṣoṣo ni Bísí àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Bàbá Ṣọlá bá yá àgọ́ aṣọ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ní ká lọ pàgọ́ sétí odò bí àwọn òyìnbó kùsà ti ń ṣe, ká fi ṣe Gálílì wa. Inú mi dùn sí i. Lọ́dọ̀ yín, Gálílì kì í kọjá abẹ́ igi máńgòrò ọgbà ilé-ìwé. Àmọ́ etí odò náà jìnnà sí ilé Bísí ní máìlì márùn-ún.

“Ẹ jẹ́ ká gbé kẹ̀kẹ́ dání,” mo ní.

“Kẹ̀kẹ́ wo? Kí òkúta jẹ táyà mi? Dírẹ́bà lọ́rì tó máa gbé wa lọ ti ṣèlérí, aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ló máa wá gbé wa.”

“Ìlérí dírẹ́bà! Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ?”

Ṣọlá, ọmọ wa ọdún mẹ́wàá, tí Háúsá yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, dá sí i: “Màmá, keke ya fi!” Ìyẹn ni pé kẹ̀kẹ́ ló dáa jù. Bàbá rẹ̀ ní ta ló bi í. A fi ọjọ́ mẹ́rin fà á. Nígbà tó di alẹ́ Ẹtì, mo ní, “Ó ti tó, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò á máa bá yín gùn ún títí a ó fi dé.” Ojú ẹsẹ̀ ló dìde lọ wá okùn.

Ṣílè kọ̀ọ̀kan la san lórí àgbà nínú lọ́rì, sísì lórí Ṣọlá àti Kúnlé àbúrò rẹ̀, sísì lórí kẹ̀kẹ́. Ọkọ mi kọ ìjókòó tó sanwó rẹ̀, ó gun orí ẹrù lọ, ó di kẹ̀kẹ́ mú. Dírẹ́bà wa, Málàm Audu, wò ó títí, ó ní, “Haba akawu, ka auri keke ne?” Akawu ni akọ̀wé, ó ń bi í pé ṣé ó fi kẹ̀kẹ́ ṣaya ni. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omijé bọ́ lójú mi.

Ọ̀nà náà pupa, ó sì ń gbọ̀n wá jìgìjìgì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ la rí àwọn kòtò kùsà tí omi dúró sí, àti ilé àwọn Bírọ̀m, onílẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣọgbà yí ká. Olè tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀, ẹ̀gún ni yóò kọ́kọ́ kí i. Ní Bukuru a ra nónò, wàrà kíkan ni, tí wọ́n po fúrá mọ́, ọkà gígún tí wọ́n rọ róbótó. Igbá kan, tọ́rọ́. Àwọn ọmọ mu ún bí omi. Tèmi ò lọ lọ́fun, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀kọ.

Nígbà tí lọ́rì já wa sílẹ̀ létí odò, ẹ̀ẹ̀mejì ni àgọ́ wó lé wa lórí kó tó dúró. Lẹ́yìn náà, ayé dára! A se áṣà, hóró wẹ́wẹ́ bí iyanrìn tó máa ń wú bí ìrẹsì, a fi ẹja gbígbẹ jẹ ẹ́. Ní Àìkú a kọrin Àjíǹde láàárín àpáta, àpáta ń gbè é. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni òjò dé.

Òwúrọ̀ Ajé, aago mẹ́fà lù, a ò rí lọ́rì. Fúlàní kan tó ń da màlúù kọjá ló sọ fún wa pé ó ti rì sínú ẹrẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Aago méje ni àlùfáà fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ náà, ó sì ní ìjọ mìíràn tó ń lọ. A ò lè fi ọmọ méjì sílẹ̀ létí odò.

“N ó sáré lọ,” ọkọ mi wí. “N ó bá ọ pe orúkọ náà.”

“Ẹ̀yin kọ́ ni ìyá mi bí. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ wá.”

“Ta ni yóò gùn ún?”

“Èmi ni.”

Mo bá jẹ́wọ́. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kọ́ ọ ní ọgbà ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni. Mo fi pamọ́ nítorí ẹnu àwọn ìyá ìjọ. Mo rò pé yóò bínú. Ìdí kẹ̀kẹ́ ló gbà lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú àkísà ara kẹ̀kẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Wọ́n á wúwo tí wọ́n bá mumi,” ó wí. “Rọra níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ o.”

Mo ká ìró sókè, ó di ọ̀nà. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo dìde. Ibi tí odò kékeré ti gba ojú ọ̀nà, obìnrin Bírọ̀m méjì tó ń lọ sóko bá mi gbé kẹ̀kẹ́ kọjá. Mi ò gbọ́ èdè wọn, wọn ò gbọ́ tèmi, ẹ̀rín nìkan la jọ ń rín.

Nígbà tí mo wọlé, àlùfáà ti di Bíbélì mú, ó ń wo aago. Bísí di ọmọ mọ́ra, ó ń wí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀, ẹ má tíì pè é.” Pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún ni mo gba ọmọ. Mo pè é ní Yétúndé. Mo sunkún, Bísí sunkún, ọmọ náà sunkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la padà sí Jos. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí Bàbá Ṣọlá fi mú irinṣẹ́, tó sọ ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà kalẹ̀ kó lè bá ẹsẹ̀ mi mu. Àwọn ìyá ìjọ ti gbọ́, wọ́n ti ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé ohun tí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe kò yẹ kó máa fi í pamọ́. Mi ò bá yín sin ìyá wa ní Iléṣà. Ní Vom, èmi ni mo kí i káàbọ̀.