Ríìmù Tó Lọ sí Kuta

Ríìmù àkọ́kọ́ tí mo dá tún ṣe, irọ́ ni mo fi gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìwó, lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà, ó kó ríìmù mẹ́rin sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ń sinmi. Ẹ fi sílẹ̀, wọ́n á ṣe é."

Ọkọ mi kò lè ṣe é. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀tún wọn, tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Iṣẹ́ tí gbogbo awakọ̀ àdúgbò mọ̀ mọ́ wọn nìyẹn: títún ríìmù ṣe, irin róbótó tí táyà máa ń wà lára rẹ̀. Bí kòtò bá lù ú, tàbí tí etí gọ́tà bá ha á, ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ń gbé e wá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń bá ọkọ mi fọ̀ ọ́, tí mo ń bá wọn po ọ̀dà. Mo mọ iṣẹ́ náà. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí mo ṣe máa sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo mọ̀ ọ́n.

Mo fi ọṣẹ fọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi kẹrosíìnì nu gírísì ara wọn kúrò. Mo po bọ́dífílà, èyí tó máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ tó sì ń gan bí irin, mo fi dí gbogbo ojú tó ti họ. Mo fi sáńpépà líle ha á, mo tún fi èyí tó kúnná gbo ó pẹ̀lú omi, títí ọwọ́ mi fi ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ eérú ló kọ́kọ́ lọ sára rẹ̀, kí n tó fín ti fàdákà lé e. Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá, ó yí ọ̀kan po, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ wọn ò yí padà."

Mo wọlé lọ jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọkọ mi tẹjú mọ́ mi, omi bọ́ lójú wọn. Mi ò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lo oṣù mẹ́wàá. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò lè dá ṣe. Kí èèyàn tó kun ríìmù, ó gbọ́dọ̀ gbé e rọ̀, kó fi igi kàn án. Èyí tí kò ní àléébù á dún gooro bí agogo. Èyí tó bá ti sán, ohùn rẹ̀ á fọ́, á sì kú síbẹ̀. Etí ọkọ mi ló mọ ìyàtọ̀. Mo máa ń gbé ríìmù lọ síbi bẹ́ẹ̀dì wọn, màá kàn án, wọ́n á dijú. Bó bá dára, wọ́n á gbé ọwọ́ òsì sókè. Bó bá ti sán, wọ́n á mi orí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù láàárín àwa méjèèjì nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n kú, èrò kún ilé wa. Àwọn ará ìjọ wá, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Débọ̀, ọmọ wa kan ṣoṣo, dé láti Àbújá, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn mọ́. Ta ni yóò gbé ríìmù wá fún òkú? Ògbólógbòó ríìmù kan wà lẹ́yìnkùlé. Mo kùn ún. Nígbà tó gbẹ, mo ha ọ̀dà náà kúrò, mo tún un kùn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, kí n má baà máa gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́.

Ìgbà yẹn ni tíṣà kan dé láti Kuta. Ó ti pẹ́ tó ti wá kẹ́yìn, kò tíì gbọ́. Kòtò ti lu ríìmù ọkọ̀ rẹ̀.

"Màmá Débọ̀, ẹ̀gbọ́n wà nílé?"

Kí n tó mọ̀, mo ti dáhùn: "Wọ́n jáde."

Ó gbé e sílẹ̀. Inú mi dùn pé iṣẹ́ wà, ojú sì tì mí. Mo gbé ríìmù náà rọ̀, mo kàn án. Mi ò mọ ohun tí mo gbọ́. Mo tún kàn án, mo sì bojú wẹ̀yìn bíi pé ẹnìkan máa gbé ọwọ́ sókè. Mo sọ fún ara mi pé ó dára, mo kùn ún. Ó wuyì débi pé tíṣà ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tó wá gbé e.

Lọ́jọ́ kejì, mo rántí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn apá ríìmù náà, èyí tí mo pè ní ìdọ̀tí. Tíṣà ti sọ pé òun máa gbé ìyá òun lọ sílé ìwòsàn n'Íbàdàn lọ́jọ́ Sátidé. Inú fóònù ọkọ mi ni nọ́ńbà rẹ̀ wà, Débọ̀ sì ti mú fóònù náà lọ, èmi ò ní tèmi. Ilẹ̀ Sátidé ń mọ́ bọ̀ nígbà tí mo gun ọ̀kadà lọ sí Kuta.

Mo béèrè ilé tíṣà, mo bá òun àti ìyá rẹ̀ níwájú ilé. Ìyá arúgbó náà ti jókòó sínú ọkọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo yíjú sí ọmọ wọn.

"Ẹ má gbé ọkọ̀ yìí jáde. Ríìmù yẹn ti sán."

Ó tú táyà náà. Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà mi kúrò. Ìlà náà gùn tó ìka mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ò rí èyí ni?"

"Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti kú. Èmi ni mo ṣe é."

"Àwọn tí mo gbé wá léṣìí ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

Mo ń retí ìbínú rẹ̀. Ó jókòó lé táyà. Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ látinú ọkọ̀.

"Ta lò ń bá gbélé báyìí?"

"Kò sí, mà."

Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Mú mi sọ̀kalẹ̀. Ká jẹun ká tó lọ."

Àwa mẹ́ta la jọ jẹ iṣu. Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹun níbi tí ẹlòmíràn ti ń jẹ. Mo ń sunkún, mo ń jẹ, wọn ò sì wò mí. Nígbà tí a jẹun tán, tíṣà fi táyà mìíràn tó wà nínú bùútù rọ́pò, wọ́n lọ.

Tíṣà ló sọ fún àwọn èèyàn pé èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n ti tún ń wá báyìí, wọn ò pọ̀. Ìyá tó ń tún ríìmù ṣe ni wọ́n ń béèrè. Mo tọrọ ríìmù tó ti sán lọ́wọ́ àwọn fọganáísà, mo ń kàn wọ́n lójoojúmọ́ títí etí mi fi mọ̀ wọ́n. Ilé ṣì dákẹ́ o, pàápàá lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi tí mi ò kì í ṣiṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan gbé ríìmù wá láti Olúpọ̀nnà. "Màmá, ẹ ṣáà bá mi kùn ún kó dán. Mo fẹ́ ta ọkọ̀ náà ni."

"Ó ti sán. Mi ò ní kùn ún."

"Ta ló sọ pé ó sán?"

"Èmi ni."

Ó gbé ríìmù rẹ̀, ó lọ. Kò sí ẹlòmíràn tó wá lọ́jọ́ náà. Mo padà sídìí èyí tí mo ń gbo lọ́wọ́.