Ọjọ́ tí Ìyá Napo Mú Màlúù Baálẹ̀

Ọkùnrin pọ̀ ní abúlé wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọkùnrin ló tán nílẹ̀ tí a fi ní kí obìnrin máa ṣọ́ àbàtà. Lọ́jọ́ tí a pé jọ sí àgbàlá Baálẹ̀ Ntsekele láti yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ Mohlakeng, àbàtà wa tó wà lórí òkè, gbogbo àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì sáré wá mu ọtí ọkà bàbà nílé mi ló ṣàdédé di arọ. Ẹsẹ̀ ń dun eléyìí, ẹ̀yìn ń ro tọ̀hún. Iṣẹ́ tí kò lówó nínú, tó jẹ́ pé ọ̀tá nìkan ni yóò máa kó fúnni, ta ni yóò gbà á? Ìyá Napo ló dìde. Ó fún kúbùsù mọ́ra, ó ní, "Ẹ fún mi lọ́pàá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Pholo, oníbàárà mi tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Ìyá Napo, ṣé àkèré lẹ fẹ́ máa dà kiri ni?"

"Àkèré ni," ni Ìyá Napo dá a lóhùn. "Àkèré sàn. Kì í mutí yó."

Kò sẹ́ni tó mọ àbàtà náà tó Ìyá Napo. Ibi ìwakùsà ni ọkọ rẹ̀ kú sí, àwọn ará ibẹ̀ sì fi òkú ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú kúbùsù tuntun kan. Koríko Mohlakeng ló ń gé, tó fi ń hun fìlà àti ìgbálẹ̀ tà, títí Napo fi dàgbà tó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí èmi àti òun jẹ́ ìyàwó tuntun níbí, yìnyín máa ń bo orí òkè nígbà òtútù. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń yọ́ wọ inú àbàtà, díẹ̀díẹ̀ náà ni àbàtà máa ń tú u sílẹ̀ fún odò wa, títí òjò yóò fi dé. Ní báyìí, yìnyín ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Oòrùn ń jó ilẹ̀, òjò ń pẹ́, bó bá sì dé, á da gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á gbẹ́ kòtò, á gbé ilẹ̀ lọ. Ọdún tí odò wa gbẹ, àwa obìnrin ń fi orí ru omi láti ìsàlẹ̀ àfonífojì, àwọn ọkọ wa sì ń béèrè ohun tó ń mú oúnjẹ pẹ́.

Ìgbà yẹn ni a fohùn ṣọ̀kan pé ẹran kankan kò gbọ́dọ̀ jẹ ní Mohlakeng mọ́ títí koríko yóò fi padà. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kéde òfin náà. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìyá Napo kò dúró pàtẹ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ru òkúta. Ó ń tò ó sínú àwọn kòtò tí ọ̀gbàrá gbẹ́, ó ń di koríko ní ìdì-ìdì tẹ́ sí i lẹ́yìn, kí omi lè rọra rìn, kí ilẹ̀ lè rí i mu. Esùsú tí màlúù ti fà tu, ó ń gbìn ín padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bi í nígbà kan pé, nítorí odò wa nìkan ni gbogbo làálàá yìí? Ó tẹjú mọ́ mi bíi pé mo ń ṣarán.

"Ẹranko ìsàlẹ̀, bí ibi tó wà bá gbóná jù, á gòkè wá," ló wí. "Àwọn tiwa ti wà lórí òkè tán. Àkèré yẹn, ẹja wẹ́wẹ́ yẹn, eku tó ń yáàrùn lórí àpáta yẹn, níbo ni kí wọ́n gùn lọ? Ojú ọ̀run?"

 Ní ọdún kejì, mo fi ojú ara mi rí i. Àkèré ń ké. Ẹyẹ mokhotlo, olórí pípá pupa, tó ti ṣí lọ tipẹ́tipẹ́, padà wá ń ṣa kòkòrò jẹ létí àbàtà, orí wọn ń dán bí orí Baálẹ̀. Mo sọ ọ́ síta, mi ò bò ó. Omi sì wà nínú odò wa ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀dá mú. Egungun ìhà gbogbo màlúù abúlé yọ síta, Mohlakeng nìkan ló tutù yọ̀yọ̀ lókè lọ́hùn-ún. Ojú ń wò ó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò dé ibẹ̀, nítorí òfin ìlú ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti ta àsíá funfun mi sókè pé ọtí ti tó mu, àwọn ọkùnrin sì ti jókòó. A gbọ́ pátákò. Ìyá Napo ló ń da màlúù wọ àgbàlá mi, ẹrẹ̀ dúdú àbàtà ti bo ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún.

"Ìyá Napo! Kí lèyí?" mo pariwo.

"Ẹran tí mo mú ní Mohlakeng ni. Bá mi ti ẹnu ọ̀nà."

"Ṣé o gbàgbé pé ilé Baálẹ̀ ni ọgbà tí wọ́n ń de ẹran tí a bá mú sí wà ni?"

"Wo etí wọn."

Mo wò ó. Àmì Baálẹ̀ ni.

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀," ló wí. "Ṣé kí n kó màlúù Baálẹ̀ lọ fún Baálẹ̀ pé kó bá mi dè é? Níbí ni yóò ti wá bẹ ìlú, bí gbogbo ẹni tí a bá mú ẹran rẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀."

Mo yíjú sí àwọn ọkùnrin. Gbogbo wọn ń wo inú agolo ọtí bíi pé ìwé wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kà.  Àwọn wọ̀nyí ló pàtẹ́wọ́ fún òfin! Pholo tilẹ̀ ń kùn lábẹ́lẹ̀ pé bí ti Baálẹ̀ bá ti jẹ níbẹ̀, tòun náà kì í ṣe aláìlẹ́nu. Mo mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá lọ báyìí, kó tó di ọ̀la, gbogbo màlúù abúlé yóò ti wà nínú àbàtà.

Baálẹ̀ gun ẹṣin dé, Tumo tó ń da ẹran fún un ń rìn tẹ̀ lé e. Kò bínú. Ẹ̀rín ló ń rín, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

"Tèmi ni wọ́n lóòótọ́," ló ní. "Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé Tumo ni mo fún ṣe àgbàsìn. Ẹni tó ń da ẹran ló ń jẹ̀bi ẹran. Tumo, ta ló dà wọ́n wọ àbàtà?"

Tumo kò ní ewúrẹ́, kò ní àgùntàn. Ó ń da màlúù fún Baálẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí wàrà mu, kò gba nǹkan mìíràn. Ó ń wo ilẹ̀. "Èmi ni, Baálẹ̀."

"Tumo, wò mí lójú," Ìyá Napo wí. "Ta ló rán ọ?"

Kò wò ó lójú.

"Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀," Baálẹ̀ wí, ó wá kọjú sí Ìyá Napo. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣí ọgbà kí n kó ẹran mi. Ẹjọ́ Tumo, a óò dá a nílé."

"Irọ́ ni!"

Tlaleng ni, ìyàwó Tumo, tó gbé ọmọ pọ̀n. Ó ti ń sáré tẹ̀ lé màlúù bọ̀ láti ìgbà tó gbọ́.

"Lálẹ́ àná lẹ wá sílé wa, Baálẹ̀. Ẹ ní bí kò bá dà wọ́n lọ sí Mohlakeng, ẹ ó gbà wọ́n fún ẹlòmíràn. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ."

"Tlaleng, panu mọ́!" Tumo kígbe.

"Mi ò panu mọ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú Baálẹ̀. "Ó dáa náà. Mo gbà wọ́n. Láti òní lọ, kí àwọn ọmọ yín máa mu omi."

"Omi wo?" Tlaleng na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ àwọn màlúù. "Baálẹ̀, omi wo?"

 Lẹ́yìn náà ni Pholo, Pholo yìí kan náà, gbé agolo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Baálẹ̀, ẹ bẹ ìlú." Àwọn yòókù wá rí ẹnu sọ ọ́. Baálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kíákíá bí ẹni tó ń bì, ó san ohun tí òfin ní kó san, ó kó ẹran rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, pátákò kankan kò tún tẹ Mohlakeng. Ìyá Napo ṣì ń tún ibi tí wọ́n tẹ̀ ṣe. Bí mo bá yìn ín, á ní kí n dákẹ́. "Baálẹ̀ ni mo dẹ okùn fún," ló sọ fún mi, "wàrà ọmọdé ló kó sí i."

Nítorí Baálẹ̀ tó ń yẹ àdéhùn kò yẹ ìyẹn. Ó gba àwọn màlúù náà lọ́wọ́ Tumo. Àwọn ọkùnrin tó sì ń kí Tlaleng lójú ọ̀nà pé "Akọni obìnrin!", tí wọ́n ní màlúù nílé, kò tíì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó fún Tumo ní abo kan sìn. Nígbà tí wọ́n bá wá mutí, mo máa ń sọ ọ́ sí wọn létí, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé inú agolo.

Àná mo bá Tlaleng létí odò. Ó bu omi sí ife, ó gbé e sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Omi náà mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n omi lásán ni.