Ìkíni tí gíláàsì mọ́tò mi gbé mì

Kí n tó kí yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n san gbèsè ná: gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti kí mi lójú títì tí n kò dáhùn, ẹ má bínú.

Éésì mọ́tò tí mo rà lọ́dún tí ìjọba ní ká máa wa mọ́tò lápá ọ̀tún títì kò tutù mọ́. Láàárọ̀ yìí, Ràfíù mẹkáníìkì fi omi ọṣẹ pa páìpù rẹ̀, omi náà sì ń hó níbi oríkèé kan.

"Ibí ni gáàsì ń gbà jáde, Màmá. Rọ́bà rẹ̀ ti gbó."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Síkírà, ọ̀rẹ́ ìyá mi, ń kọjá lọ. "Ṣé o ti ń gbọ́ ìkíni wa báyìí?"

"Ẹ má bínú, Mà. Mo máa ń ti gíláàsì kí òtútù má bàa jáde ni."

"Òtútù náà ló mú ọrùn rẹ gan? O ò lè mi orí sí wa?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Èmi ti rò pé ìlara mọ́tò ló jẹ́ káwọn èèyàn fà sẹ́yìn tí wọn kò kí mi mọ́. Látìgbà tí éésì ti bàjẹ́ tí mo ń ṣí gíláàsì, wọ́n ń kí mi láti Ọjà Ọba dé ilé.

Ràfíù ní òun á pààrọ̀ rọ́bà náà ní Sátidé. Mo mọ ara mi: tó bá ṣe é, màá tún ti gíláàsì.

Kí n jẹ́ kó ṣe é, àbí kí n máa làágùn kí n sì máa dáhùn? Mo ń retí èsì yín ní Jímọ̀.