Ìwé Píúrítánì Tí A Fi Wé Àkàrà

Mo rántí ìgbà tí mo jẹ odidi ìwé kan tán, láti èèpo dé èèpo, tí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ sì ń já bọ́ lẹ́nu mi fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá wa òyìnbó fi ń tẹ̀ lé mi kiri láti wá kọ́ èdè bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ìwé lásán o. Ìwé ìwàásù àwọn Píúrítánì ni, àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ọrọ̀-ajé tó fún gbogbo ìlú lọ́rùn, àwọn sójà ló ń ṣèjọba. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Orégùn, níbi tí a ti ń ṣe garawa oníke. Ọjà wọ́n, wọ́n dín iṣẹ́ wa kù, mo wá ń gbé ìbínú wọlé lójoojúmọ́ bí ẹni gbé igi ìdáná. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, n kò rí ẹran, n kò rí ẹja. Mo ní, "Ṣé ọbẹ̀ nìyí, àbí omi tí o fi ṣan ìkòkò?" Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, ó ti kó àwọn ìbejì wa lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìfàkọ̀. Ó gbé ìkòkò náà lọ pẹ̀lú. Mo fọ́nnu pé ọkùnrin bí tèmi, tó ka ìwé dé ìwé mẹ́fà, kò ní lọ bẹ obìnrin. Ẹnu tó fọ́nnu náà ló wá ń jẹ àkàrà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Ìyá Alákàrà tó wà lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ wa a máa ra ìwé àlòkù ní Dọ̀pẹmú. Bí ìwé àwọn Píúrítánì ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn: èèpo rẹ̀ ló fi ń fẹ́ná, ewé rẹ̀ ló ń fà ya fi wé àkàrà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka èyí tó bá kàn mí. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé mi, mo fò ó bí ẹni fo gọ́tà. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé àwọn bàbá wọ̀nyí kì í wàásù kí wọ́n kàn ṣe àmín. Bí wọ́n bá kọ́ni tán, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà: Ìlò Kìíní, Ìlò Kejì. Ìyẹn ni pé, ohun tí o gbọ́ yìí, kí lo fẹ́ fi ṣe? Àwa alágarawa mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Garawa tí kò gba omi dúró, ìlò wo ló ní?

Lọ́jọ́ kan, ewé tí mo gbà ń sọ̀rọ̀ ọkọ tó bá aya rẹ̀ jà. Àkàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́fun. Mo kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ku kí n kan Ìlò, ni ewé bá tán! Mo sáré padà.

"Ìyá, ta lẹ fún ní ewé tó tẹ̀ lé èyí?"

"Àkàrà ni mò ń tà, n kì í ta ewé. Ẹ lọ bẹ ìyàwó yín, kí n ráyè gbọ́ ti oníbàárà!"

Mo gba ọ̀dọ̀ Ààfáà lọ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe. Ààfáà kì í fẹ́ kí bébà tó ní orúkọ Ọlọ́run wà nílẹ̀ kí ènìyàn máa tẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ Ọlọ́run ní èdè náà. Ewé àkàrà tó bá ti rí i lára rẹ̀, inú àpò ìrẹsì tó so kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ló ń kó o sí. Mùsùlùmí ló ń bá àwọn Píúrítánì tọ́jú ìwé wọn!

"Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tú àpò yín."

"Kọ́kọ́ fọ epo ọwọ́ rẹ ná. Kí lò ń wá?"

"Bí ìyàwó mi ṣe máa padà sílé ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Nínú àpò ìrẹsì?"

A tú u, a rí i. Ìlò Kìíní: kí ọkọ má ṣe jókòó de aya, ẹni tó pe ara rẹ̀ ní orí ni kó kọ́kọ́ lọ wá àlàáfíà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ààfáà.

"Kí lo tún ń dúró ṣe níbí?" ó bi mí.

Ní Ìfàkọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó mi, mo ka ewé náà sí ìyàwó mi létí, mo sì fi Ìlò Kejì kún un: kí aya tó bá rí i pé ọkọ òun wá, kó dáná fún un lọ́jọ́ náà gan-an.

"Bàbá Ìbejì, ẹ fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí."

"Epo ti bò ó."

"Epo yẹn mà mọ ibi tó yẹ kó bò o! Ṣé omi tí mo fi ṣan ìkòkò lẹ tún fẹ́ jẹ?"

"Òun gan-an ni mo wá bẹ̀. Ẹnu mi ló ṣẹ̀ ọ́, má bínú."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi gbé ìkòkò náà rù, èmi kó àwọn ìbejì, a kọrí sílé. Ọbẹ̀ ọjọ́ náà kò lẹ́ran, síbẹ̀ mo lá àwo.

Lóde òní, ìwàásù inú fóònù pọ̀ ju èèrùn lọ. Àwọn ọmọ mi a máa fi ránṣẹ́ sí mi, bí mo bá gbọ́ ọ tán, màá ní, "Ìlò rẹ̀ dà?" Wọ́n á ní bàbá ti dàgbà. Àwọn tó kọ ìwé yẹn ti kú tipẹ́tipẹ́, wọn kò mọ Orégùn, wọn kò jẹ àkàrà rí, síbẹ̀ wọ́n mọ irú ọkùnrin tí mo jẹ́. Ewé náà ṣì wà nínú Bíbélì ìyàwó mi, toun ti epo.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí mo fi irọ́ sí. N kò jẹ ìwé, àkàrà ni mo jẹ. Òyìnbó kankan kò tẹ̀ lé mi. Ìlò Kìíní wà nínú ewé náà kedere. Ìlò Kejì ni kò sí níbẹ̀: èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìfàkọ̀, nítorí pé ebi ń pa mí.